Lẹ́tà Tó Wọ Àpò Bàbá Móńgólù

Àwọn ọmọ kéékèèké ìjọ wa ní Jonesboro, ní Amẹ́ríkà, kò mọ orúkọ bàbá àgbà mi. Bàbá Mángòrò ni wọ́n ń pè wọ́n. Ohun tó fà á ni pé, bí ìsìn bá ti parí, Bàbá Àgbà á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, bí ọmọ kan bá ń kọjá, wọ́n á fà á lọ́wọ́ pé kó wá gbọ́ ìtàn àwọn Móńgólù, àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́. Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ dúró létí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí. Mángòrò ni wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ tí Bàbá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé mángòrò wá: Dàmọ́lá, Tíwá, Ìní, àti àbúrò Ìní tó ń jẹ́ Joshua. Bàbá gba gbogbo rẹ̀. Mo ní kí n la àwọn ọmọ náà lóye, Bàbá ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tó ṣi orúkọ ẹni pè, tó mú nǹkan dání wá, ó sàn ju ẹni tó pè é re tó wá lọ́wọ́ òfo."

Oṣù tó kọjá ni wọ́n lọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ẹyọ kan. Èmi Mojísọ́lá, àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn, ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, orúnkún mi méjèèjì sì ti bàjẹ́ sí wéáháòsì, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Forest Park, níbi tí mo ti ń di ẹrù sínú páálí fún ọdún mẹ́tàlá. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé arúgbó ló lọ, pé kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ arúgbó fún ọdún mẹ́sàn-án mọ ohun tó pàdánù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo tún fi ẹsẹ̀ kan tọ modern school, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ka èyí má wá èdè gíga níbẹ̀. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìwé kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ Móńgólù sílẹ̀. Pósítọ́fíìsì ni Bàbá Àgbà ti ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà ní Gbọ̀ngán títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo. Àpò kan wà lẹ́yìn káńtà tí wọ́n ń kó lẹ́tà tí kò rí olówó rẹ̀ sí. Òkú lẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Òjò ti fọ àdírẹ́sì ara páálí kan, ọdún yí po, ẹnikẹ́ni kò wá béèrè rẹ̀, ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fálànà, bá ní kí Jósáyà, ìyẹn Bàbá Àgbà, máa mú un lọ sílé. Ìwé ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ìwé òyìnbó nípa àwọn Móńgólù. Ọdún méjì ni Bàbá fi gbé díkíṣọ́nárì tì í kà á tán. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, ẹ̀yìn ìwé náà ti já, okùn tí wọ́n fi ń di lẹ́tà pọ̀ ni wọ́n fi dì í.

Inú rẹ̀ ni gbogbo wa ti mọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Tẹ́mújìn. Àwọn ọ̀tá fún bàbá rẹ̀ ní májèlé jẹ, àwọn ẹbí wá kó àgọ́ wọn, wọ́n fi ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú òtútù kí wọ́n máa wa gbòǹgbò jẹ. Wọ́n mú un, wọ́n fi igi há a lọ́rùn, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Òun ló wá di Jẹ́ńgíìsì Káànì, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọba láti etí òkun ilẹ̀ Ṣáínà títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn òyìnbó. Bí àwọn ọkùnrin bá ń gbọ́ ti ogun, ojú wọn a máa tàn. Ojú Bàbá kì í tàn níbẹ̀. Àfi bí wọ́n bá dé orí àwọn tó ń jíṣẹ́: pé ibùdó wà lójú ọ̀nà gbogbo, tí ẹṣin tí kò tíì rẹ̀ ń dúró de ẹni tó ń bọ̀, pé àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ sáré a máa de ṣaworo mọ́dìí, kí ẹni tó kàn lè gbọ́ ọ lókèèrè, kó ti dìde.

Nítorí ṣaworo yìí, a kì í jíṣẹ́ bákan ṣáá nílé wa. O ò lè kàn yọjú pé Uncle Káyọ̀dé ní kí n kí yín. Bàbá á wò ọ́ tìtì, wọ́n á ní, "Ta lo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ta lo máa fi lé lọ́wọ́?" O ní láti dáhùn méjèèjì kí wọ́n tó gbà á.

Uncle Káyọ̀dé ni ọmọkùnrin wọn kejì, ẹni tó mú wọn wá sí Amẹ́ríkà, tó ní ṣọ́ọ̀bù táyà ní Jonesboro níbí. Ọ̀rọ̀ Móńgólù sú wọn. Ìgbà tó burú jù ni ìgbà tí Bàbá pín gbogbo ẹbí sí mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ọmọ ogun, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ olórí mẹ́wàá gbọ́dọ̀ fóònù àwọn tirẹ̀ ní gbogbo Saturday, kó sì wá ròyìn. Uncle ní, "Bàbá, àwa ò kógun lọ síbì kankan o." Bàbá ò gbé ojú sókè.

"Òótọ́ ni. Ẹ ò kógun lọ, ẹ kàn fọ́n ká ni. Èwo ló sàn níbẹ̀?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Bàbá kò mọ̀ pé apànìyàn ni àwọn èèyàn náà. Wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó fi ẹnu wọn sọ ọ́. Ibì kan wà ní Forest Park tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́sàn-án. Ọkọ̀ máa ń wá gbé Bàbá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí Ọ̀gbẹ́ni Sámírì, bàbá kan tó jẹ́ onígbàjámọ̀ ní Bàgídáàdì kó tó sá wá sílùú yìí. Wọ́n jọ ń ta dómínò. Mo lọ mú Bàbá lọ́jọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń yin àwọn Móńgólù fún un, pé wọ́n jẹ́ kí onímọ́ṣáláṣí lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí oníṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gbẹ́ni Sámírì da dómínò ọwọ́ rẹ̀ dé. Ó ní wọ́n dé ìlú òun, wọ́n ká olórí àwọn mọ́ inú ẹní, wọ́n fi ẹṣin tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní wọ́n da ìwé sínú odò títí omi fi dúdú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìwé òun wà níbẹ̀.

Bàbá ní ìlú kan ló kọ́kọ́ pa ìránṣẹ́ wọn. Ìyẹn máa ń dùn wọ́n gan-an gẹ́gẹ́ bí onílẹ́tà, pé èèyàn pa ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lásán. Ọ̀gbẹ́ni Sámírì béèrè pé ṣé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì nílùú òun, tí wọ́n pa dànù, ló pa ìránṣẹ́ náà.

Bàbá kó dómínò wọn jọ. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹṣin ti ń sáré, tí ìlú ti ń wó, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì."

Mo ti ń yí po láti òkè. Ẹ jẹ́ kí n wọ inú ọ̀rọ̀ náà báyìí.

Bàbá tó bí mi ni àkọ́bí Bàbá Àgbà. Ọmọ́táyọ̀ ni orúkọ wọn, Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, èmi náà bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Gbọ̀ngán, bí Ìyá Rísí tó jẹ́ ìyàwó ilé bá ń bínú, ó máa ń pè wọ́n ní Àlejò. Mo rò pé torí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi, tí wọ́n máa ń dé ní Kérésì nìkan ni. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Bàbá Àgbà di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tán, wọ́n kọ̀wé pé àwọn fẹ́ kí àkọ́bí àwọn wá bá àwọn. A dúró títí. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fúnni ní físà kọ lẹ́tà pé níwọ̀n bí Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ kò ti ní ìwé ìbí, kí bàbá àti ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò DNA, èyí tó ń fi hàn bóyá ọmọ ẹni lọmọ. Wọn ò ní gba ẹ̀jẹ̀ pàápàá. Òwú lásán ni wọ́n máa fi gbo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Uncle Káyọ̀dé ti gba àyè sílẹ̀, ó ku kí a wọ mọ́tò. Bàbá ní àwọn ò ní lọ. Uncle bẹ̀ wọ́n, pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n, èmi kúnlẹ̀. Wọn ò lọ. Wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ fóònù láti Gbọ̀ngán. Èmi ni mo gbé fóònù sí Bàbá létí, mo gbọ́ ohùn méjèèjì.

"Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ rí mi ni?"

"Mo fẹ́ rí ẹ, Táyọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Bàbá fi ọwọ́ ara wọn pa fóònù náà.

Dókítà ti ní ọkàn Bàbá ò lè gba ọkọ̀ òfurufú mọ́, nítorí náà Bàbá náà ò lè lọ bá Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀. Ìwé físà náà kú sọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún kejì, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí ó fi mú wọn lọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Kọ́lá ọmọ Ìyá Rísí, sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ń wí ṣáá ni pé kí ni àwọn ṣe fún bàbá àwọn.

Láti ọjọ́ náà, mo ń wẹ Bàbá, mo ń fọ aṣọ wọn, mo ń se oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn sọ ju "ẹ gbé apá sókè" lọ. Odidi ọdún kan. Wọn ò bẹ̀ mí. Wọ́n ń gbé apá sókè.

Ọ̀sán kan ni mo ń gé èékánná wọn, tí mo rí i pé ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, ni mo bá bi wọ́n léèrè. Mo ní kí wọ́n kàn sọ ohun tó dé fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo ń bínú sí. Wọ́n ní kí n gbé ìwé Móńgólù wá. Wọn ò ṣí i. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n wá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ Màmá Àgbà, Àbẹ̀ní, wọ́n ti fi Àbẹ̀ní fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùbérù láti kékeré. Àbẹ̀ní kò fẹ́ ẹ. Jósáyà onílẹ́tà ló fẹ́. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó, nígbà tí Bàbá gbé lẹ́tà lọ sí abúlé, àwọn ará ilé Sùbérù ká ìyàwó mọ́ ọ̀nà odò, wọ́n gbé e lọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Bàbá àti àwọn onílẹ́tà ẹgbẹ́ wọn méjì, Akínṣọlá àti Gàníyù, gun kẹ̀kẹ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n gbà á jáde. Eyín Gàníyù méjì ló dá síbẹ̀. Àbẹ̀ní dé, oyún ti wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ka oṣù náà, ọ̀nà méjì ló ń já sí.

Ẹbí ní bí ọmọ náà bá dé, kí wọ́n gbé e lọ fún Sùbérù. Lọ́jọ́ kẹjọ, kí ẹnikẹ́ni tó dìde, Bàbá fúnra wọn gbé ọmọ náà jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́táyọ̀. Àwọn ìyàwó ilé wá fi Àlejò kún un lábẹ́lẹ̀.

Bàbá ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí ni àwọn ń ka ìwé náà lẹ́yìn káńtà. Àwọn kà á débi pé ọ̀tá gbé ìyàwó ọba Móńgólù yìí náà lọ, nígbà tí kò tíì jọba. Ó kó ọ̀rẹ́ jọ, ó lọ gbà á, ìyàwó sì bí àkọ́bí tí ẹnikẹ́ni ò lè búra lé lórí. Ọba náà ní ọmọ òun ni. Orúkọ ọmọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, ni àlejò. Bàbá ní àwọn jókòó sórí àpò lẹ́tà, àwọn ò lè dìde mọ́.

Ìwé náà sì ń lọ síwájú. Àbúrò ọmọ náà fi bú u lójú gbogbo èèyàn, bàbá wọn ní kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ìjà bẹ́ sáàárín bàbá àti àkọ́bí. Bàbá ránṣẹ́ pè é, ó ní ara òun ò yá. Ẹnì kan parọ́ pé òun rí i níbi tó ti ń ṣọdẹ. Ọba bínú, ó ń múra ogun, ni ìròyìn bá dé pé ọmọ náà ti kú. Wọn ò rí ara wọn mọ́.

"Ó ti wà níwájú mi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, Mojí. Mo kà á, mo sì tún rìn ín."

Mo wá bi wọ́n ní èyí tó wà nínú mi. Mo ní, "Bàbá, ṣé ọmọ yín ni bàbá mi?"

Wọ́n ní, "Lẹ́tà tó bá ti wọ àpò mi, tèmi ni títí n óò fi fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Onílẹ́tà kì í ṣí lẹ́tà wò."

Mo ní, "Lẹ́tà náà ò débẹ̀, Bàbá. Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ kú, wọn ò mọ̀."

Wọ́n na ọwọ́ kejì sí mi kí n máa gé èékánná lọ. Mo gé e. Láti ọjọ́ náà ni mo tún ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé mo dárí jì wọ́n, wọn ò sì béèrè.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí wọ́n fi lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, Uncle Káyọ̀dé fi ìwé ètò ìsìnkú ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí n bá àwọn wò ó. Mo wá orúkọ Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀, mi ò rí i. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n wà, Káyọ̀dé ni wọ́n kọ síbẹ̀, àkọ́bí. Èmi náà wà nísàlẹ̀, láàárín àwọn tí wọ́n pè ní ẹbí àti ará. Mo fóònù Uncle. Wọn ò jà. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé bí ọ̀rọ̀ ọmọ náà bá dá Bàbá lójú ni, wọn ì bá ti lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà náà. Ohun tí ilé kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ ní Gbọ̀ngán fún ọgọ́rin ọdún ti wọ mọ́tò dé Jonesboro.

Lọ́jọ́ kejì, Bùsọ́lá ọmọ Uncle dé láti Marietta, níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó wá. Ọmọ dáadáa ni, ìjà ìdílé ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé páálí àyẹ̀wò DNA kékeré kan kalẹ̀ síwájú mi.

"Aunty, ẹ kàn máa spit sínú ẹ̀ ni. Tèmi ti wà níbẹ̀ already, wọ́n á kàn fi wé ara wọn. At least everybody máa mọ̀."

Mi ò purọ́, ó wù mí. Mo gbé e lọ́wọ́ títí tíì tí mo pò fún un fi tutù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, mi ò mọ̀ bóyá àjèjì ni mo wẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo dìde lọ sí yàrá Bàbá bí ẹni pé mo fẹ́ lọ bi wọ́n. Ìwé Móńgólù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìwé náà, mi ò tú okùn rẹ̀ rí. Mo tú u.

Ó ṣí fúnra rẹ̀ síbi tí wọ́n fi nǹkan sí. Lẹ́tà àwọn onífísà ni, èyí tó béèrè DNA. Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó láti ka ojú ìwé tó wà níbẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àlejò. Bíírò ti fà á nù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló kọ ọ́, ìkọ̀wé àgbàlagbà ni, Bàbá kọ pé:

"Àlejò kọ́. Táyọ̀, ọmọ mi. Má bínú."

Mo dá páálí padà fún Bùsọ́lá. Mo ní kó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Uncle Káyọ̀dé ń yọ táyà lọ́wọ́. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ka ojú ìwé náà, wọ́n tún un kà. Wọ́n jókòó lórí táyà kan. Wọ́n ní kí Bùsọ́lá yọ fóònù, kó kọ Ọmọ́táyọ̀ sókè pátápátá, kí àwọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ojú ìwé yẹn ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi ránṣẹ́.

Mo yọ ọ́ kúrò lára ìwé. Mo ra àpò ìwé, mo kọ orúkọ àti àdírẹ́sì Gbọ̀ngán sí i, bí Bàbá ṣe kọ́ mi pé kí ojú ọ̀rọ̀ tóbi kí òjò má lè fọ̀ ọ́ tán. Ní ilé òkú, láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, kí wọ́n tó dé pósí, àwọn ẹbí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti rán wọn níṣẹ́ sí àwọn tó ti lọ, bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tó kàn mí, mo ki lẹ́tà náà bọ àpò àyà kóòtù wọn, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má yọ. Mo tẹ orúnkún mi tó ń ro mí ba, mo fẹnu kan etí wọn.

Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ Mojísọ́lá lẹ ti gbà á. Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ lẹ máa fi lé lọ́wọ́."